Kì í ṣe iná nìkan ló pa Centralia: bí ìlú èédú kan ní Pennsylvania ṣe dìde, tó sì dahoro

Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ Centralia rí, ìtàn kan náà ló máa ń gbọ́: pé ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pé wọ́n sun ààtàn níbẹ̀ lọ́dún 1962, iná ọ̀hún wọ inú ilẹ̀ lọ, ó ń jó di òní olónìí, ìlú sì tú. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ìtàn náà dúró síbẹ̀ ti fo ìdajì rẹ̀, ìdajì tó sì fò yẹn ló ṣàlàyé ìyókù.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye èèyàn tí wọ́n kà níbẹ̀. Lọ́dún 1890, èèyàn 2,761 ló ń gbé Centralia. Lọ́dún 1950, wọ́n ti di 1,986. Nígbà tó fi máa di 1960, tí iná kò tíì ṣẹ́, 1,435 ló ṣẹ́kù. Ó kù díẹ̀ kí ìdajì ìlú ti lọ tán kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí ààtàn. Èéfín kọ́ ló lé wọn. Iṣẹ́ ló tán. Ìlú tí agbára ti tán lára rẹ̀ ni iná náà bá, ìlú tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti pa tì, tí abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sì ti di jágajàga. Bí a kò bá mọ bí ó ṣe di bẹ́ẹ̀, kò ní yé wa bí iná ààtàn lásán ṣe di ohun tí apá ìjọba Amẹ́ríkà kò ká.

Ohun tó bí ìlú náà

Èédú tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi igi sun. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa á. Igi àti ewéko ayé àtijọ́ ló rì sínú àbàtà ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ wá ń gorí ara wọn bò ó, títí ooru àti ìwúwo fi sọ ọ́ di òkúta dúdú. Irú èyí tó wà ní apá ìlà oòrùn Pennsylvania ni wọ́n ń pè ní anthracite. Òun ló le jù nínú gbogbo èédú. Ó ṣòro láti ràn, ṣùgbọ́n tó bá ti ràn, ooru rẹ̀ pọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó kú, èéfín rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Nítorí pé èéfín rẹ̀ kò pọ̀, àwọn ará New York, Philadelphia àti àwọn ìlú ńlá mìíràn yàn án láàyò láti fi mú ilé wọn gbóná nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n agbègbè díẹ̀ ni anthracite wà ní Amẹ́ríkà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Pennsylvania nìkan ló ní èyí tó tó tà. Èyí ló fà á tí àwọn òkè tí ẹnikẹ́ni kì bá tí bojú wò fi di ibi tí gbogbo oníṣòwò ń du.

Ibi tí Centralia wà, ilé ọtí kan ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi ń júwe rẹ̀ láti ọdún 1832: Bull's Head. Ojú irin dé agbègbè náà lọ́dún 1854. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 1856, wọ́n ṣí kùsà méjì, Locust Run àti Coal Ridge. Ẹ kíyè sí bó ṣe tẹ̀ léra: ojú irin ló ṣáájú, kùsà tẹ̀ lé e. Èédú tí kò rí ọ̀nà dé ọjà kò yàtọ̀ sí òkúta. Alexander Rea, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Locust Mountain Coal and Iron, ló wọn ilẹ̀, tó là á sí òpópónà àti ojúlé. Centreville ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, àmọ́ Centreville mìíràn ti wà nítòsí, ni wọ́n bá yí i sí Centralia lọ́dún 1865. Lọ́dún 1866 ó di ìlú tó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ lábẹ́ òfin.

Rea fúnra rẹ̀ kò jẹ adùn ìlú tó tẹ̀ dó pẹ́. Wọ́n pa á lójú ọ̀nà lọ́dún 1868. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, lọ́dún 1878, ìjọba yẹgi fún ọkùnrin mẹ́ta nítorí ikú rẹ̀, tí wọ́n ní wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn àwọn ará Ireland tí wọ́n ń pè ní Molly Maguires. Ìjà tó wà láàárín awakùsà àti ọ̀gá nígbà yẹn kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Nígbà tí ìlú náà gbóná, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì 7, òtẹ́ẹ̀lì 5, báńkì, gbọ̀ngàn eré méjì, ilé ìtajà 14 àti ilé ọtí 27. Ilé ọtí 27 fún èèyàn tí kò pé 3,000! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ojúmọ́ wọ abẹ́ ilẹ̀, tí eruku èédú sì ti kún ọ̀fun rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ó mọ ibi tó ń yà sí kó tó délé.

Ohun tó yẹ ká rí nínú gbogbo ọrọ̀ yẹn ni pé orísun kan ṣoṣo ló ní. Ọjà kọ́ ló pe àwọn èèyàn wá sí orí òkè yẹn, oko kọ́, odò kọ́. Èédú tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ni. Owó tí awakùsà gbà lọ́jọ́ Sátidé ló ń bọ́ oníṣọ́ọ̀bù, òun ló ń san owó olùkọ́, òun ló ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí kùsà bá ti pa, kò sí ibòmíràn tí owó yóò gbà wọlé.

Èédú kò tán; àwọn tó ń rà á ló lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà tí èédú bá tán nínú ilẹ̀ ni ìlú èédú máa ń kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá ní Centralia. Èédú ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Òun ni iná ń jẹ. Ọjà rẹ̀ ló kú.

Ọdún 1917 ni anthracite Pennsylvania dé góńgó, nígbà tí wọ́n wa nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Láti ìgbà yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Lọ́dún 1925, àwọn awakùsà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, wọn kò sì padà títí ọdún 1926 fi wọlé. Ìbínú wọn tọ́, ìyà ń jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n òtútù kò dúró de àdéhùn. Àwọn onílé ní ìlú ńlá lọ wá ohun mìíràn fi mú ilé gbóná, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà sídìí èédú mọ́. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń lo epo, tí kò ní máa fi ṣọ́bìrì kó èédú ní òwúrọ̀ kó tún kó eérú jáde ní alẹ́, kí ni yóò tún padà lọ ṣe?

Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó lọ́dún 1929. Ilé iṣẹ́ Lehigh Valley Coal ti kùsà márùn-ún pa ní àyíká Centralia. Ogun Àgbáyé Kejì mú kí ọjà sọ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, páìpù gáàsì dé àwọn ìlú ńlá, epo pọ̀ lọ́jà, rélùwéè fi èédú sílẹ̀ lọ bá epo dísẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó fi máa di ọdún 1960, gbogbo anthracite tí Pennsylvania ń wà lọ́dún kò pé 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù.

Ìnáwó tún wà nídìí ìwakùsà fúnra rẹ̀. Èyí tó súnmọ́ òkè, tó rọrùn, ni wọ́n kọ́kọ́ wà tán. Èyí tó kù jìn, ó tín-ín-rín, ó sì dagẹ̀rẹ̀ wọlẹ̀. Omi inú ilẹ̀ kì í sinmi, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa fà á jáde tọ̀sán-tòru, yálà wọ́n rí èédú tà àbí wọn kò rí i tà.

Ẹni tó bá ṣì ń rò pé iná nìkan ló tú Centralia, kó wo àwọn ìlú tó múlé tì í. Mount Carmel wà nítòsí rẹ̀ gan-an. Lọ́dún 1930, èèyàn 17,967 ló ń gbé ibẹ̀, lọ́dún 2010 wọ́n jẹ́ 5,893. Shenandoah ní èèyàn 25,774 lọ́dún 1910. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, nǹkan bí 5,000 ló kù. Kò sí iná tó lé àwọn wọ̀nyí kúrò nílé. Àwọn ọmọ wọn ló kàn ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì, tí wọn kò sì padà.

Àwọn òpó tí ebi mú wọn jí

Apá ibí yìí ni mo rò pé àwọn tó ń sọ ìtàn Centralia máa ń sáré kọjá jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló so ìṣubú ìlú pọ̀ mọ́ iná.

Bí wọ́n ṣe ń wa èédú láyé ìgbà yẹn nìyí. Wọn kì í kó gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n á gbẹ́ yàrá síbí, wọ́n á gbẹ́ yàrá sọ́hùn-ún, wọ́n á sì fi èédú gbọọrọ sílẹ̀ láàárín wọn láti di òkè mú. Òpó ni wọ́n ń pè wọ́n. Orí òpó wọ̀nyẹn ni òrùlé kùsà dúró lé, orí òrùlé yẹn sì ni ilẹ̀, ọ̀nà àti ilé àwọn èèyàn dúró lé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ti fẹ́ kúrò, ó lè padà wá wa àwọn òpó náà díẹ̀díẹ̀ kó sì jẹ́ kí òrùlé wó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ eléwu ni fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pàápàá.

Nígbà tí Lehigh Valley Coal ti kùsà márùn-ún yẹn pa, àwọn awakùsà kò níṣẹ́, wọ́n ní ìyàwó àti ọmọ, òtútù sì ń mú. Wọ́n mọ ibi tí èédú wà, àwọn fúnra wọn ló ti ń wa á láti ìgbà èwe. Ni wọ́n bá ń wọ àwọn kùsà òfìfo náà láìgba àṣẹ. Òpó ni wọ́n lọ ń gé, nítorí òpó ló rọrùn jù láti rí. Àwọn mìíràn gbẹ́ ihò tuntun láti orí òkè títí wọ́n fi kan èédú, wọ́n á kó ohun tí wọ́n rí, wọ́n á tà á. Jákèjádò agbègbè anthracite ni èyí ti ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, kì í ṣe Centralia nìkan, ó sì ṣòro fún ìjọba láti fi ìyà jẹ wọ́n: àwọn ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà, ará ilé wọn ni.

Èmi kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ ni pé abẹ́ ìlú kún fún ihò tí kò sí lórí máàpù kankan. Òrùlé wó níbí, ó là níbẹ̀. Ihò tó já síta pọ̀ káàkiri inú igbó. Àwọn mìíràn lọ fi kátákátá ńlá la ilẹ̀ láti òkè wá láti kó èédú tó súnmọ́ ojú ilẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ṣe tán, wọ́n fi kòtò ńlá sílẹ̀ láìdí.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí yóò ru ìfura sókè lẹ́yìnwá ọ̀la. Lọ́dún 1950, ìgbìmọ̀ ìlú Centralia lo òfin kan tí ìpínlẹ̀ ṣe lọ́dún 1949 láti gba ẹ̀tọ́ lórí gbogbo anthracite tó wà lábẹ́ ìlú wọn. Ìlú tó ń rọ ni, ṣùgbọ́n ó ti di olówó lórí ìwé.

Bí iná ṣe wọlé

Ọ̀kan nínú àwọn kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ láìdí yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsìnkú Odd Fellows. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1962, ìgbìmọ̀ ìlú sọ ọ́ di ààtàn. Nígbà tí ọjọ́ ìrántí àwọn ológun tó ti kú ń bọ̀ ní òpin oṣù Karùn-ún, tí àwọn èèyàn yóò wá sí ibi ìsìnkú, òórùn ààtàn náà di ìtìjú. Ìgbìmọ̀ ní kí àwọn panápaná ìlú bá wọn tún un ṣe. Lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún, wọ́n ṣáná sí i bí wọ́n ti máa ń ṣe sí ààtàn tẹ́lẹ̀, wọ́n jẹ́ kó jó, wọ́n sì da omi sí i.

Iná ojú ilẹ̀ kú. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pàǹtírí kò kú. Wọ́n tún padà wá pa á, ó tún yọjú. Nígbà tí wọ́n kó pàǹtírí kúrò, wọ́n rí ihò kan lára ògiri kòtò náà, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15, tí kò sẹ́ni tó dí i. Ihò náà já sínú àwọn kùsà àtijọ́.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba ìtàn yìí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sọ pé iná kan ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún 1932, pé èyí tí ààtàn fà kọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní eérú gbígbóná tí ẹnì kan dà sí ààtàn ló ràn án, pé àwọn panápaná kò jẹ̀bi. Ti ààtàn tí ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n sun ni àwọn tó pọ̀ jù gbà. Lójú tèmi, ẹni tó ṣáná kò ṣe pàtàkì tó ihò tó wà nílẹ̀. Ibikíbi tí ògúnná ì báà ti wá, ọ̀nà ti là fún un.

Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n rí afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide nínú àwọn kùsà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà, wọ́n sì ti gbogbo wọn pa. Díẹ̀ tó kù nínú iṣẹ́ èédú Centralia, ọjọ́ yẹn ló parí.

Kí ló dé tí kò kú?

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi mí nìyí: ṣé omi ò sí ní Amẹ́ríkà ni?

Iná nílò ohun mẹ́ta: ohun tí yóò jó, afẹ́fẹ́, àti ooru tó tó. Panápaná máa ń já ọ̀kan nínú mẹ́ta náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ Centralia, kò sí èyí tó rọrùn láti gbà. Ohun tí yóò jó ni èédú tó kù nínú òpó àti nínú àwọn ìpele tí wọn kò wà, ó sì lọ jìnnà; ẹ sì rántí pé anthracite máa ń pẹ́ kó tó kú. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ àti ibi tí àpáta ti là wọlé. Bí iná ṣe ń gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba ibi gíga jáde, ó sì ń fa tútù wọlé láti ìsàlẹ̀. Ooru ńkọ́? Àpáta ló yí i ká, àpáta kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè lọ. Bí ògúnná tí a fi eérú bò ni: èyí tó dà bíi pé ó ti kú ló ń pẹ́ jù.

Ká ní wọ́n da omi sí i, omi yóò ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ gba inú àwọn ọ̀nà òfìfo wọ̀nyẹn. Ká ní wọ́n kún kùsà kan títí, iná lè wà ní ìpele tó wà lókè rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ iná kan ṣoṣo tí èèyàn lè dúró sí iwájú rẹ̀. Ó máa ń rọra lọ káàkiri, ní ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìyọjú síta.

Síbẹ̀, ìgbà kan wà tí apá ì bá ká a. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1962, iná náà ṣì kéré. Ìpínlẹ̀ gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan ní nǹkan bí 20,000 dọ́là kó gbẹ́ ẹ jáde. Wọn kò jẹ́ kó kọ́kọ́ dá ihò sílẹ̀ láti mọ ibi tí iná náà dé. Ojú mọ́mọ́ nìkan, láàárín ọ̀sẹ̀ nìkan, ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́. Nígbà ìsinmi ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án, iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ márùn-ún gbáko. Iná kò gba ìsinmi. Bí wọ́n sì ṣe ń gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣí àwọn yàrá tuntun sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, owó tán, iná ti kọjá ibi tí wọ́n ń gbẹ́.

Wọ́n tún fi nǹkan bí 40,000 dọ́là ṣe èkejì: wọ́n da òkúta lílọ̀ pẹ̀lú omi sínú àwọn ihò kí ó lè dí ọ̀nà. Òtútù mú páìpù omi dì, àyè òfìfo tó wà nísàlẹ̀ sì pọ̀ ju òkúta tí wọ́n ní lọ. Oṣù Kẹta ọdún 1963 ni owó yẹn náà tán.

Ibí ni ìṣubú ìlú ti tún fojú hàn. Ká ní ilé iṣẹ́ èédú ńlá ṣì wà níbẹ̀ bíi ti ọdún 1890, pẹ̀lú ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ àti máàpù rẹ̀, tí èédú náà sì jẹ́ ọrọ̀ tí kò fẹ́ pàdánù, ṣé yóò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró nítorí ìsinmi? Kò dá mi lójú. Àmọ́ lọ́dún 1962, kò sí ẹni tó ní ohun kan tó fẹ́ gbà là lábẹ́ ibẹ̀, àfi àwọn tó ń sùn lórí rẹ̀, àwọn yẹn kò sì lówó.

Ogún ọdún ìyọnu

Ohun tó tẹ̀ lé e pẹ́, ó sì súni. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń wo ìjọba àpapọ̀, àpapọ̀ ń wo ìpínlẹ̀. Lọ́dún 1966, ìlú ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀, wọ́n ri àpótí ìrántí mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ lè ṣí i lọ́dún 2016. Ọdún kẹrin iná nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òbí wọn ti bá ewu abẹ́ ilẹ̀ gbé rí. Ta ni yóò torí èéfín díẹ̀ fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀?

Lọ́dún 1979, olórí ìlú nígbà náà, tó tún ní ilé epo, ki ọ̀pá bọ inú táńkì abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ láti wọn epo, ọ̀pá náà gbóná. Nígbà tó wọn ooru epo náà, 172 ló jẹ́ lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bí 78 lórí ti Celsius. Epo ọkọ̀ ni o!

Ewu ooru kọ́ ló tilẹ̀ pọ̀ jù. Iná tí afẹ́fẹ́ kò tó máa ń tú carbon monoxide jáde. Kò lóòórùn, ojú kò rí i, ó sì máa ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí. Ó ń gba inú ilẹ̀ yọ sí ìsàlẹ̀ ilé, àwọn kan sì ní láti máa gbé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1981, ilẹ̀ là lábẹ́ ọmọkùnrin ọdún 12 kan ní ẹ̀yìnkùlé. Ihò náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó sì jìn tó nǹkan bí 150. Gbòǹgbò igi ni ọmọ náà dì mú títí ìbátan rẹ̀, ọmọ ọdún 14, fi fà á jáde. Àwọn aṣojú ìjọba wà nínú ìlú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo Amẹ́ríkà mọ orúkọ Centralia.

Lọ́dún 1983, ìwádìí kan tí ìjọba àpapọ̀ sanwó fún fi hàn pé yóò ná wọn tó 663 mílíọ̀nù dọ́là láti gbẹ́ gbogbo iná náà jáde. Lẹ́yìn náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ya 42 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti fi ra ilé àwọn èèyàn, kí wọ́n kó lọ. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Ìjọba ṣírò ohun tí gbogbo ilé tó wà ní Centralia tó, ó ṣírò ohun tí pípa iná yóò ná an, ó sì yan èyí tó dín. Ká ní iye èèyàn ṣì jẹ́ 2,761, tí ilé ìtajà àti òtẹ́ẹ̀lì ṣì ń pawó, ìṣirò náà kì bá rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìlú tí iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ rọrùn láti rà.

Àwọn tó ju 1,000 lọ gba owó, ọ̀pọ̀ kó lọ sí Mount Carmel àti Ashland tó wà nítòsí. Wọ́n wó nǹkan bí 500 ilé. Nítorí pé àwọn ilé náà fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, nígbà tí wọ́n bá wó ti aládùúgbò méjèèjì, àárín yóò dá dúró láìsí ohun tó gbé e ró, ni wọ́n bá ń mọ òpó bíríkì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ kó má bàa wó. Byrnesville, abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè, lọ pẹ̀lú wọn. Ọdún 1996 ni wọ́n wó ilé ìkẹyìn níbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba fẹ́ jí èédú wọn?

Àwọn tó kọ̀ láti lọ ní ìdí tiwọn. Lọ́dún 1992, Gómìnà Bob Casey lo agbára tí òfin fún ìjọba láti gba gbogbo ilẹ̀ àti ilé tó kù nínú ìlú. Àwọn tó kù wá ní: ìlú ló ni èédú tó wà lábẹ́ wa, bí kò bá sí ìlú mọ́, ta ni yóò ni ín? Wọ́n ní àsọdùn ni ọ̀rọ̀ iná, pé ó ti jìnnà sí ilé àwọn, pé èédú ni wọ́n ń lé.

Ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀tọ́ kì í ṣe àròsọ, mo ti sọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ gbà á lọ́dún 1950. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ọjà anthracite. Ẹni tó fẹ́ jí nǹkan kì í sábà fi 42 mílíọ̀nù dọ́là ra òrùlé kó lè dé ìdí ọjà tí kò sẹ́ni tó ń rà á mọ́. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n wọ̀n nínú ilé àwọn èèyàn kì í sì í ṣe irọ́. Mo rò pé ohun tó bí ìfura náà ni pé fún ogún ọdún, ìjọba kan náà ló ń sọ fún wọn pé ewu kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó tó wá yí ohùn padà lójijì.

Àròsọ kan tún wà pé bàbá ìjọ Kátólíìkì kan gégùn-ún fún ìlú ní àwọn ọdún 1860, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì St. Ignatius nìkan yóò kù. Wọ́n ti wó St. Ignatius ní àwọn ọdún 1990. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣì dúró ni ti àwọn Kátólíìkì Ukraine, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1911 sórí òkè lẹ́bàá ìlú, àwọn èèyàn ṣì ń wá jọ́sìn níbẹ̀. Ègún náà ṣìnà.

Bó ṣe wà báyìí

Lọ́dún 1990, èèyàn 63 ló kù. Lọ́dún 2002, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ gba nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ 17927 kúrò lọ́wọ́ ìlú. Lọ́dún 2009, Gómìnà Ed Rendell bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tó ṣẹ́kù. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013 ni wọ́n sì yanjú rẹ̀: àwọn méje tó kù lè gbé ilé wọn títí ọjọ́ ayé wọn, wọ́n sì gba 349,500 dọ́là. Lẹ́yìn ikú wọn, ìjọba ló ni ilé. Ìkànìyàn ọdún 2020 rí èèyàn márùn-ún.

Wọ́n kò lè dúró de ọdún 2016 láti ṣí àpótí ìrántí yẹn. Ẹnì kan gbìyànjú láti jí i, ni wọ́n bá ṣí i lọ́dún 2014. Omi ti wọ inú rẹ̀, ó ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́, àmọ́ wọ́n rí akoto awakùsà, àtùpà rẹ̀ àti èédú.

Apá kan lára ọ̀nà 61 tí ilẹ̀ gbígbóná ti là sí méjì, tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 1993, di ibi tí àwọn àlejò ń kun ọ̀dà aláràbarà sí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ilé iṣẹ́ tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ báyìí pẹ̀lú èrò pé òun yóò rí ọwọ́ iná yóò já kulẹ̀. Òpópónà tí kò ní ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló máa rí, àti igbó. Nígbà òtútù, èéfín díẹ̀ lè máa rú níbì kan, tí yìnyín kò sì dúró sí ojú ilẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti iná, èyí tí àwọn èèyàn máa ń sọ jù ni pé èédú tó wà níbẹ̀ tó fún un láti jẹ fún ọdún 250 sí i. Kì í ṣe òun nìkan ló ń jó ní ìpínlẹ̀ náà; èyí tó wà ní Laurel Run, lẹ́bàá Wilkes-Barre, ti wà láti ọdún 1915. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò lórí tiwọn náà, wọ́n wó ilé, ṣùgbọ́n ìlú Laurel Run ṣì wà, ó ní ìgbìmọ̀ rẹ̀, ó ní èèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Ní Centralia, kò sí ẹni tó tún ń gbìyànjú láti pa iná náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kàn ń ṣọ́ ibi tó ń rìn dé ni.